Yàrá Yín àti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìlú: Òfin Méjì Tó Yẹ Ká Mọ̀

Ẹ̀yin ará Ute, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àkàrà. Ẹ ra àkàrà láàárọ̀, ẹ tú bébà tí wọ́n fi wé e, ẹ wá rí i pé ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ẹnìkan ni. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà NIN rẹ̀, gbogbo rẹ̀ hàn ketekete lábẹ́ òróró. Alákàrà kò ṣẹ̀. Ọ́fíìsì tó da bébà náà nù láìfà á ya ló jẹ̀bi.

Ohun tó wà lórí bébà yẹn ni òyìnbó ń pè ní personal data. Àwa yóò máa pè é ní ìsọfúnni ara ẹni. Kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù o. Ohunkóhun tí èèyàn lè fi dá yín mọ̀ ni: orúkọ, fọ́tò, ìtẹ̀ka, àìsàn tí dókítà kọ sínú fáìlì yín.

Ẹ fojú inú wo agbo ilé. Olúkúlùkù ló ní yàrá tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnìkan kò lè tì í mọ́ àwọn yòókù. Òfin kan ń ṣọ́ yàrá, òfin kejì ń ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti yàrá. Abala 37 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti dáàbò bo ilé yín, lẹ́tà yín àti ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ lórí fóònù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni. Àjọ NDPC ló ń mójú tó o.

Òfin yìí ní kí ẹni tó ń gba ìsọfúnni yín sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tó bá jẹ́ àṣẹ yín ló gbọ́kàn lé, dídákẹ́ kì í ṣe àṣẹ, ẹ sì lè gba àṣẹ náà padà nígbàkigbà. Ẹ lè béèrè ẹ̀dà ohun tó kọ nípa yín, kí ẹ sì ní kó tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe.

Bó bá kọ̀, ẹ fẹjọ́ sun NDPC. Àjọ náà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: ní oṣù keje ọdún 2025, ó bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 766 náírà lé MultiChoice Nigeria, àwọn tó ni DStv.

Ó wá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní FOI. Àwa yóò máa pè é ní òfin ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Ó sọ pé ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba.

Ká ní ẹ fẹ́ mọ iye tí káńsù ná sórí ẹ̀rọ omi kan. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ní Ìfọ́n tàbí Ọ̀wọ̀. Ẹ kò ní láti sọ ìdí. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíì. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n sì lè gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí kóòtù.

Ìpínlẹ̀ wa náà ti rí irú ẹjọ́ yìí. Martins Alo béèrè àbọ̀ àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù. Ní ọdún 2018, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ sọ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, kóòtù tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀.

Ibo ni òfin méjèèjì ti pàdé? Ẹ lè béèrè iye tí ìjọba fi ra oògùn sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó lo oògùn náà àti àìsàn tó ń ṣe é, yàrá tirẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìbéèrè fún káńsù, ẹ mú bírò. Bí ẹ bá sì fẹ́ da ẹ̀dà NIN yín nù, ẹ kọ́kọ́ fà á ya wẹ́wẹ́, kó má baà di ìwé àkàrà.