Wíwo Fọ́tò àti Kíkọ Èrò Ọkàn Ẹni Nípa Rẹ̀

Bí olùkọ́ bá gbé fọ́tò kan síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní kí wọ́n kọ èrò ọkàn wọn nípa rẹ̀, àwọn kan a máa ka ohun inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tí ń ka ẹrù ọjà: ọkùnrin kan, obìnrin méjì, kẹ̀kẹ́ kan. Àwọn mìíràn a fo fọ́tò náà dá, wọn a bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lórí òṣì tàbí ìwà ìbàjẹ́. Àwọn ti ìṣáájú ríran, wọn kò ronú. Àwọn ti ìkẹyìn ronú, wọn kò ríran.

Àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí ó fi hàn pé ìríran àti ìrònú kò ṣe é yà nípa. Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tí òun náà jẹ́ ayafọ́tò, ṣe ìwádìí láàrin àwọn ayafọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Lára ohun tí ó bá pàdé ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayafọ́tò a tẹ àwòrán èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà nígbà kan, wọn a wọ ti obìnrin fún un nígbà kejì. Báyìí ni Táyéwò àti Kẹ́hìndé ṣe tún jókòó pọ̀.

Àlejò tí ó bá wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò ní ọmọ méjì ni òun rí. Ojú rẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò rí òkú tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá tẹjú mọ́ ọn, yóò ṣàkíyèsí pé ìjọra ojú méjèèjì ti pọ̀ jù. Ojú ni ó bi ìbéèrè yìí. Ìmọ̀ nípa ère ìbejì àti ipò ìbejì láwùjọ ni yóò dáhùn rẹ̀.

Nítorí náà, ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ní. Èkíní ni ohun tí ojú rí. Èkejì ni ohun tí ẹ̀rí inú àwòrán tọ́ka sí. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ṣe sí ọkàn ẹni tí ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí a fi fọ́tò kan dán an wò. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 2006, ọ̀pá epo gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá, l'Ékòó. Ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ṣòfò. Akíntúndé Akínlẹ́yẹ, ayafọ́tò fún Reuters, ya ọkùnrin kan tí ń fi omi ṣan ojú rẹ̀ tí èéfín ti sọ di dúdú. Fọ́tò náà gba ẹ̀bùn World Press Photo ní ọdún 2007. Ojú rí ọkùnrin, omi àti èéfín. Ẹ̀rí sọ pé ó ti sún mọ́ iná náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí níbẹ̀ pé olè epo ni, tàbí pé ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì ti puró mọ́ ẹni tí kò lè dáhùn. Ó lè kọ, síbẹ̀, pé omi náà rán òun létí ohun tí omi kò lè wẹ̀ kúrò. Ti ọkàn rẹ̀ ni èyí.

Ọ̀rọ̀ yìí le jù nígbà tí fọ́tò bá jẹ́ ti ilé ẹni. Ká ní wọ́n fi àwòrán òpópónà kan l'Ámukòkò, lẹ́yìn òjò, han ọmọ tí a bí síbẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí ará ìta ń sọ nípa Amukòkò àti Ajégúnlẹ̀, ó sì lè rò pé 'òṣì' ni olùkọ́ ń retí. Bẹ́ẹ̀, pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà wà níbẹ̀, àmì pé ẹnìkan ro ti ẹni tí yóò kọjá. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ tí ń rìn lórí rẹ̀ mọ́, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìwọ̀nyí sílẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni ó fi wo ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tìtorí ìfẹ́ ilé fi omi ìdọ̀tí pamọ́. Òun náà wà nínú àwòrán.

Ó yẹ kí olùkọ́ fi ọwọ́ bo àkọlé fọ́tò ná, kí ó fún kíláàsì láàyè láti wò ó ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó sì máa bèèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé: 'Kí ni o rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?' Kí máàkì má ṣe jẹ́ ti ẹni tí èrò rẹ̀ bá ti olùkọ́ mu, bí kò ṣe ti ẹni tí ó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tún padà sí fọ́tò náà. Gbólóhùn èyíkéyìí tí ó sọ nípa ẹni inú àwòrán, tí kò sì rí ibi tí yóò fi ìka tọ́ka sí fún un, kí ó fa igi lé e.