Dòdò Ìkirè: Orúkọ ìlú ló ń ta ọjà, ta ló ń ṣọ́ orúkọ náà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kò ní í pẹ́ rí ìtumọ̀ òwe yìí. Bí ọkọ̀ bá ti dẹwọ́ eré ní Ìkirè báyìí, àwọn ọlọ́jà tó ru àtẹ á ti sáré débẹ̀, wọ́n á máa na ohun dúdú kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá sójú fèrèsé. Dòdò Ìkirè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ni kì í kọjá níbẹ̀ láìra èyí tí wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà àtèyí tí wọ́n máa mú délé.

Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́wọlé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ kòkó ni agbègbè náà, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sáàárín rẹ̀ kó lè ṣíji bo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ti pọ́n, kò ní í ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí yóò fi rọ̀, tí èèpo rẹ̀ yóò dúdú, tí oníbàárà kò sì ní í fẹ́ wò ó mọ́.

Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù yìí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè. Wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dúdú. Kì í ṣe pé ó jóná o. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe ń pọ́n sí i ni adùn inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, adùn yìí ló ń mú un dúdú tó bá dé inú epo gbígbóná. Nítorí pé ó dín dáadáa, ó máa ń pẹ́ ju dòdò inú ilé lọ. Ohun tí ẹnì kan ì bá dà nù ló di owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Orúkọ lówó lórí

Ìkirè nìkan kọ́ ni oúnjẹ sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ìlú Ọ̀fadà tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ìrẹsì Ọ̀fadà ti gba orúkọ. Ẹni tó bá dé Ìjẹ̀bú á bèèrè ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà sè, yóò sì ra gàrí dání. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ á bá pupuru níbẹ̀. Ohun tí àlejò ń san owó lé lórí ju oúnjẹ lọ: ó fẹ́ lè sọ fún àwọn ará ilé pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an lòun ti rà á.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Orúkọ ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tí kò dé Ìkirè rí lè dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ l'Ékòó, kó kọ "Dòdò Ìkirè" sára ọ̀rá. Gàrí tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà ń jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú lọ́jà. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin kò gbà kí wọ́n pe ọtí ní Champagne bí kò bá ti agbègbè tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wá. Àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ mọ̀ pé orúkọ náà lowó wọn.

Èyí tó tún burú ni pé oníbàárà kò mọ orúkọ ẹni tó tajà fún un. Bí ìyá kan bá ta èyí tó ti bà, èrò ọkọ̀ kò ní í sọ pé lágbájá ló ta á. Yóò ní dòdò Ìkirè ò dára mọ́ ni, gbogbo ẹni tó wà nídìí òwò náà ni yóò sì fara gbá a. Bẹ́ẹ̀, nǹkan kò rọrùn. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, tí èrò sì ń ṣírò owó kó tó na ọwọ́ jáde. Irú àsìkò báyìí ni ọlọ́jà máa ń fẹ́ fi ti àná sábẹ́ ti òní, tàbí kó máa fi epo kan náà dín in títí.

Ohun tí oníbàárà ń wò

Ẹni tó máa ń rìnrìn àjò ní àmì tó ń wò. Ó máa ń bi awakọ̀ léèrè, torí awakọ̀ mọ ibi tí oúnjẹ ti dára lójú ọ̀nà. Ó máa ń wò ó bóyá àwọn ará ìlú fúnra wọn ń rà níbẹ̀. Ó fẹ́ rí iná, kó rí agbada, kó mọ̀ pé ojú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dín in. Ó sì fọkàn tán ẹni tó ń ta oúnjẹ kan ṣoṣo ju ẹni tó ń ta oríṣi mẹ́wàá lọ.

Ọlọ́jà tó gbọ́n á tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó jẹ́ kí àlejò rí bó ṣe ń ṣe é. Kó kọ orúkọ ara rẹ̀, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tó dín in sára ọ̀rá, kí ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ lè tún wá a kàn. Bó bá fẹ́ gbé e wọ ilé ìtajà ńlá, kó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, kó sì gba nọ́ńbà NAFDAC. Àwọn tó jọ ń ta á lójú kan náà sì lè fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta èyí tó ti bà fún àlejò.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń tan èrò ọkọ̀ jẹ. Bó bá tún ń kọjá lọ́jọ́ mìíràn, gíláàsì ni yóò yí sókè.