Ṣé O Mọ̀? Èdè Ọjà Ló Di Èdè Ìjọba ní Indonéṣíà

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Indonéṣíà ti yan èdè kí wọ́n tó ní ìjọba tiwọn? Ní ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1928, àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi erékùṣù péjọ sí Batavia, ìlú tí à ń pè ní Jakarta lónìí. Abẹ́ òyìnbó Netherlands ni wọ́n ṣì wà. Wọ́n búra pé ilẹ̀ kan làwọn ní, orílẹ̀-èdè kan làwọn jẹ́, èdè kan ni yóò sì so àwọn pọ̀. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé èdè Dutch, ti àwọn òyìnbó náà, yọ̀ mọ́ púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu ju èdè tí wọ́n ń búra fún lọ.

Èdè wo nìyẹn? Àwọn ará Java ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà ò mú Javanese, èdè Java. Èdè náà le: bí a ṣe ń bá àgbà tàbí ọlọ́lá sọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀. Malay ni wọ́n mú, èdè tí àwọn oníṣòwò etíkun ti fi ń ná ọjà láti ìgbà pípẹ́. Kódà, ìjọba Srivijaya ní Sumatra ti fi Malay àtijọ́ gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta ní ọdún 683.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1945, abala 36 nínú ìwé òfin wọn sọ Malay yìí di èdè ìjọba lábẹ́ orúkọ Bahasa Indonesia. Lójú tèmi, ká ní Javanese ni, àwọn yòókù ì bá kọ̀ ọ́. Èdè tó lé ní 700 ṣì wà níbẹ̀ lónìí, àwọn ará Java sì ń sọ tiwọn nílé.