Ẹ Má Tíì Pè É Ní Olódo: Ó Lè Jẹ́ Pé Kò Gbọ́ Tíṣà Ni

Ẹ wo ọmọ kan ní Ketu bí àpẹẹrẹ. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sílé-ìwé, àmọ́ ipò ìkẹyìn ló ń gbé bọ̀. Tíṣà ní olódo ni. Bàbá ní ọmọ náà kò fẹ́ràn ìwé. Ìyá wá ní kó yáa jókòó ti òun ní Mile 12, kó máa bá òun ṣa ata. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó béèrè pé: ṣé ojú ọmọ yìí ń rí pátákó? Ṣé etí ẹ̀ ń gbọ́ tíṣà?

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ yín, ẹ rọra pè é. Bó bá ń kàwé, ẹ wò ó bóyá ó ń gbé ìwé sún mọ́ imú. Bí ara bá fu yín, ẹ mú un lọ sọ́sípítù. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí ló dí etí. Nígbà mìíràn, awò ojú lásán ni ọmọ nílò.

Bó bá wá jẹ́ adití tàbí afọ́jú ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ilé-ìwé ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí mọ̀, bíi Pacelli ti àwọn afọ́jú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Surulere ní 1962. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an, àmọ́ Surulere jìnnà sí Ikosi. Òfin ti la ọ̀nà mìíràn. Ìjọba Èkó ṣe òfin àwọn aláàbọ̀ ara ní 2011, òun ló gbé ọ́fíìsì LASODA kalẹ̀. Ní January 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti gbogbo Nàìjíríà. Òfin yẹn ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé sẹ́kọ́ńdírì, pé gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gbà wọ́n, kí ó kéré tán tíṣà kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú wọn sì wà níbẹ̀.

Àmọ́ kí ọmọ wọlé nìkan kò tó. Kí tíṣà fi ẹni tí etí ẹ̀ wúwo sí bẹ́ǹṣì iwájú, kó kọjú sí i bó bá ń sọ̀rọ̀, kó má kọjú sí pátákó. Kó kọ̀wé gàdàgbà, kó sì ka ohun tó kọ sókè fún ẹni tí kò ríran. Kó pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ tí kò tètè mọ̀wé, kó sì fi ọmọ onísùúrù tì í. Kó fòfin de yẹ̀yẹ́. Gbogbo kíláàsì ló máa jàǹfààní ẹ̀: ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí etí ẹ̀ dá ṣáká, náà á gbọ́ yékéyéké.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ yín náà wà níbẹ̀. Bíríkìlà lè fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sọ àtẹ̀gùn kíláàsì di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà á wọlé. Káfíńtà lè fẹ ẹnu ọ̀nà. Ìpàdé òbí àti tíṣà ni kí ẹ ti dá a sọ.

Bí hẹ́dìmásítà bá ní òun ò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ìyá má jà, kó má sì mú ọmọ padà sọ́jà. Kó fi sùúrù sọ pé òfin wà. Bí wọn kò bá gbọ́, LASODA ló kàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ibi tí ọwọ́ ọmọ yìí kò bá tó, àgbà ló yẹ kó bá a nà án.