Ẹ̀dọ̀ Ọlọ́ràá àti Àrùn Àtọ̀gbẹ

Nínú ibojì àwọn ọlọ́lá Íjíbítì ìgbàanì ní Sàkárà, èyí tí ó ti ju 4,000 ọdún lọ, àwòrán wà lára ògiri níbi tí àwọn ìránṣẹ́ gbé di pẹ́pẹ́yẹ ńlá mú ní ọrùn, tí wọ́n ń fi oúnjẹ rọ ọ́ ní tipátipá. Àwọn ará Róòmù pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èso ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n lò. Ní ilẹ̀ Faransé, àgbàdo ni wọ́n fi ń rọ ọ́ títí di òní. Kì í ṣe ọ̀rá ni a fún ẹyẹ náà jẹ, kì í sì í ṣe ọtí. Síbẹ̀, nígbà tí a bá pa á, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a ti wú ní ìlọ́po púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì dàbí ti òrí. Àgbàdo ni ó di ọ̀rá.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó di í ní ọrùn mú.

Ẹ̀dọ̀ ni àká ara. Claude Bernard, ọmọ àgbẹ̀ ọgbà àjàrà ní ilẹ̀ Faransé, ni ó fi hàn ní 1848 pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ a máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a bá jẹ iyán tàbí ẹ̀bà, oúnjẹ náà a di ṣúgà, ẹ̀dọ̀ a sì kó nǹkan bí 100 gíráàmù rẹ̀ pamọ́. Ní òru a máa bù ú díẹ̀díẹ̀ fún ọpọlọ àti ara iyókù. Pánkíríà, ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ni ó ń rán ínsúlínì ní iṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ pé ṣúgà ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó má ṣe tú u sílẹ̀ mọ́. Ínsúlínì yìí ni Banting àti Best rí ní Toronto ní 1921.

Ṣùgbọ́n àká tí ó kún kò lè gba ọkà mọ́. Ẹni tí ó bá ń jẹ ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń ná lọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a sọ àjẹṣẹ́kù náà di ọ̀rá. Díẹ̀ a jáde sínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ a sì jókòó sínú ẹ̀dọ̀. Bí ó bá ju ìdá 5 lọ nínú 100, àwọn oníṣègùn a pè é ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá. Ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ a di adití sí iṣẹ́ tí ínsúlínì ń jẹ́ fún un. A máa tú ṣúgà ní gbogbo òru, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ a jí pẹ̀lú ṣúgà púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Pánkíríà a wá máa rán oníṣẹ́ lé oníṣẹ́. Èyí tí ó burú jù ni pé ínsúlínì àpọ̀jù yìí a tún máa mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe ọ̀rá sí i, ọ̀rá náà a sì lè wọ inú pánkíríà alára, títí àárẹ̀ yóò fi mú un. Nígbà náà ni àtọ̀gbẹ dé. Ní 2021 àwọn oníṣègùn gbé ìwádìí 33 jọ, èyí tí ó kan ènìyàn tí ó ju 500,000 lọ. Wọ́n rí i pé ewu àtọ̀gbẹ fún ẹlẹ́dọ̀ ọlọ́ràá ju ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn lọ. Ara kì í sì í sábà dun onítọ̀hún kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ tí kò fi ẹnu kan ọtí rí rò pé àrùn ẹ̀dọ̀ kò kàn wọ́n. Ní 1980 Jurgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sanra. Ẹni tí ó sá fún ọtí, tí ó sì ń mu ìgò mínírà mẹ́ta lójúmọ́, ìgò ni ó pààrọ̀.

Àká tí ó kún ṣeé bù. Ní 2011, ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roy Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dín oúnjẹ aláàtọ̀gbẹ 11 kù gidigidi fún ọ̀sẹ̀ 8. Kí ọjọ́ 7 tó pé, ṣúgà òwúrọ̀ wọn ti padà sí ipò, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn sì ti ń yọ́. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ní Scotland àti Tyneside kó ènìyàn 306 jọ, tí àtọ̀gbẹ wọn kò ju ọdún 6 lọ. Nínú àwọn tí a dín oúnjẹ wọn kù, ìdá 46 nínú 100 ni ó bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ láìlo oògùn rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí a ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017.

Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè láti òwúrọ̀ di ọ̀sán a máa ná iyán rẹ̀ tán lóko. Ọjọ́ tí ó bá di arúgbó, tàbí tí ó wọ ìlú lọ jókòó ti ọjà, òkèlè kò mọ̀ pé ọkọ́ ti sinmi. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dín òkèlè kù, kí ó sì fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja dípò rẹ̀. Kí ó fi mínírà sílẹ̀, kí ó sì máa rìn kánkán lójoojúmọ́. Àwọn tí ó gbà pé kíkorò ewúro yóò pa dídùn ṣúgà run, tí wọ́n sì ń jẹun bí ti àtẹ̀yìnwá, ń tan ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù láìsọ fún dókítà, nítorí ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí ó sì dákú.

Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ń gbòòrò, tàbí tí òbí rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí òǹkà ṣúgà bá tó 126 mílígíráàmù nínú ìdámẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀ ní ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Bí ó bá wà láàrin 100 sí 125, àkókò ṣì wà láti bu àká náà.