Ọmọ Ìyá Kì Í Ṣe Ohun Ìtìjú

Wọ́n ní: "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Amúkùn-ún fèsì pé òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Alábàtà, ní Òsíẹ̀lẹ̀ àti ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò jìnnà sí èyí. Bí ilé kan bá ní ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tàbí tí òye rẹ̀ lọ́ra, àbùkù ọmọ náà ni ará ilé ń wò. Wọn kì í wo ìgbéraga tí ó wà nínú ọkàn tiwọn.

Ọ̀nà méjì ni ìgbéraga yìí ń gbà ṣe ibi. Èkínní, a ó fi ọmọ náà pamọ́ sí ìyẹ̀wù nígbà tí àlejò bá dé. Èkejì, a ó fi ipá mú un sáré tí agbára rẹ̀ kò ká, kì í ṣe nítorí ire rẹ̀, bí kò ṣe kí ojú má baà ti àwa tí a jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí èkejì jọ ìfẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe léwu jù.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti òkè òkun, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni a ń bá wí. Ní 1918 ni a bí Rosemary Kennedy ní Amẹ́ríkà, sínú ilé ọlọ́rọ̀ tí ó bí ọmọ 9. Òye rẹ̀ kò yá bí ti àwọn tó kù, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà jẹ́ ilé ìdíje. Wọ́n làkàkà kí ó lè bá ẹgbẹ́ pé. Ní 1938, nígbà tí baba rẹ̀ jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mú un lọ kí Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dàgbà tí ó ń bínú, baba bẹ̀rù kí ó má ba orúkọ ilé jẹ́. Ní oṣù kọkànlá, 1941, ó ní kí àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 tí ń rìn, tí ń jó, tí ń kọ lẹ́tà, kò lè rìn mọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀ já gaara. Wọ́n gbé e jìnnà sílé, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kò fojú kàn án.

Àbúrò rẹ̀ Eunice ni ó já okùn náà. Ní 1962, nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn John jẹ́ Ààrẹ, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn fún gbogbo ayé bí Rosemary ti rí. Ní 1968, ó dá eré Special Olympics sílẹ̀ ní Chicago, kí àwọn tí òye wọn lọ́ra lè sáré ní gbangba. Orúkọ ilé náà kò bàjẹ́. Rosemary kú ní 2005, ní ẹni ọdún 86.

Ní ilẹ̀ wa, òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní, 2019, ka fífi ojú tẹ́ńbẹ́lú aláàbọ̀ ara sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kí ó fi oṣù 6 ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ni yóò wọ ìyẹ̀wù lọ ka iye ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá wa?

Ẹni Òrìṣà ni àwọn baba wa ń pè wọ́n, wọn kò pè wọ́n ní ẹni ìtìjú. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín jókòó tì yín lẹ́bàá igbá, kí ó máa wọn gààrí bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ká a. Bí ó bá lọ́ra, ẹ dúró dè é. Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ pé: nítorí ta ni mo ṣe ń lé e? Bí ìdáhùn bá jẹ́ nítorí ojú ayé, kí ó dẹ okùn.