Ọjọ́ tí sinimá fọhùn, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn agbẹnusọ rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 1927, èrò kún ilé sinimá kan nílùú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti wo fíìmù tí wọ́n pè ní The Jazz Singer. Nígbà tí Al Jolson, gbajúmọ̀ akọrin tó kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, kọrin tán tó sì ń sọ̀rọ̀ láti ojú aṣọ funfun, ńṣe ni àtẹ́wọ́ sọ. Ṣáájú àsìkò yẹn, odi ni sinimá. Ètè òṣèré á máa mì, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ, àfi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sójú aṣọ fún ẹni tó mọ̀wé kà.

Ó ṣeni láàánú pé Sam Warner, ẹni tó ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wọ inú òwò sinimá tó ń sọ̀rọ̀, kò rí alẹ́ ọjọ́ náà. Àná rẹ̀ gan-an ló kú ní Los Angeles, àwọn tó kù nínú wọn sì wà nídìí òkú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ giramafóònù dáadáa kò ní pẹ́ lóye bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwo orin ni wọ́n gba ohùn sí, àwo ńlá tó fẹ̀ tó ínṣì 16, tó máa ń lò tó ìṣẹ́jú 11. Mọ́tò kan náà ló ń yí àwo àti fíìmù papọ̀ kí ohùn lè bá ètè mu. Bí abẹ́rẹ́ bá fò pẹ́nrẹ́n, tàbí tí fíìmù bá já tí wọ́n sì gé díẹ̀ dànù nígbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ dojú rú nìyẹn: obìnrin lè la ẹnu kí ohùn ọkùnrin máa jáde. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọgbọ́n tẹ ohùn sí etí fíìmù gan-an, àwọn àwo náà sì di ohun ìgbàgbé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé, bí sinimá tilẹ̀ jẹ́ odi, ilé sinimá kò dákẹ́ rí. Àwọn olórin a máa jókòó síwájú, wọn a máa tẹ dùùrù, wọn a máa fa gòjé, bí àwòrán ṣe ń lọ. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin tirẹ̀ wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn ni wọ́n dá dúró níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ wọn náwó gọbọi sórí ìpolówó nínú ìwé ìròyìn, pé kí aráàlú kọ orin inú agolo. Ìpolówó náà kò dá fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ dúró.

Síbẹ̀, Jàpáànì ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun àwọn òṣìṣẹ́ jù lójú tiwa, torí pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ohùn sinimá níbẹ̀. Benshi ni wọ́n ń pè wọ́n. A lè pè wọ́n ní agbẹnusọ. Benshi á dúró sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, á máa sọ ìtàn náà fún èrò, á sọ ohùn bàbá arúgbó, á tún sọ ti ìyàwó àti ti ọmọ tó ń sunkún. Bí fíìmù òyìnbó bá dé, òun náà ni yóò ṣàlàyé àṣà àwọn òyìnbó náà. Orúkọ wọn lókìkí débi pé ọ̀pọ̀ ló ń lọ wo sinimá nítorí benshi, tí kì í ṣe nítorí òṣèré.

Nígbà tí fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ dé láti òkè òkun, àwọn kan lára wọn gbìyànjú láti máa pariwo sọ̀rọ̀ lórí ohùn inú fíìmù. Kò rọrùn rárá. Ní 1931, wọ́n gbé fíìmù Amẹ́ríkà kan, Morocco, dé pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Jàpáànì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Shochiku gbé fíìmù tó ń sọ èdè Jàpáànì jáde, ó sì tà. Kí wá ni wọ́n ń fi agbẹnusọ ṣe mọ́?

Ní 1932, àwọn benshi yanṣẹ́ lódì. Ọ̀kan lára àwọn tó ṣáájú wọn ni Heigo Kurosawa. Wọn kò rí ohun tí wọ́n ń jà fún gbà. Ní 1933, Heigo gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́ni ọdún 27. A kò lè sọ pé iṣẹ́ tó bọ́ nìkan ló fà á. Àbúrò rẹ̀, Akira, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ti ń sọ pé òun kò ní dé ọgbọ̀n ọdún. Akira yìí ló wọṣẹ́ fíìmù ní 1936, tó di olùdarí fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀, tí fíìmù rẹ̀, Rashomon, sì gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ nílùú Venice ní 1951. Fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ ni.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rì. Musei Tokugawa, ọ̀kan lára àwọn benshi tó lókìkí jù, gbé ohùn rẹ̀ lọ sórí rédíò, ó ń ka ìtàn fún aráàlú, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò tíì parun. Láti àwọn ọdún 1970 ni obìnrin kan, Midori Sawato, ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Shunsui Matsuda, tó sì ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ funfun, tó ń fi ẹnu kan ṣoṣo sọ ohùn gbogbo ẹni tó wà nínú fíìmù odi.